Àgàtú, Lukumí, Àgùdà: Ta Ló Sọ Wá Lórúkọ?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Òrè, ní Odìgbó, ní Àjúé, ní Aráròmí-Òbú, àti ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi rédíò ọkọ̀ gbọ́ wa lójú ọ̀nà Bìní, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ fi ìkíni yìí sọ́kàn, nítorí mo máa tó padà sórí rẹ̀.

Lásìkò ìkórè kòkó tó kọjá, mo tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn Odìgbó. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta la bá níbẹ̀, wọ́n jókòó yí òkìtì kòkó ká, wọ́n ń fi igi kúkúrú fọ́ ọ, wọ́n sì ń ha hóró rẹ̀ tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ẹnu júwe wọn, ó ní, "Àwọn Àgàtú mi rèé." Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò, èyí tó fi rọ́bà dè nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ibẹ̀ ló ń kọ owó àsansílẹ̀ wọn sí: Àgàtú kìíní, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, Àgàtú kejì, ẹgbẹ̀rún méje àti ìrẹsì kóńgò méjì, Àgàtú kẹta, kò tíì gba nǹkan kan.

Mo bi èyí tó dàgbà jù nínú wọn pé ìlú wo ló ti wá. Ó ní, "Bàbá, èmi kì í ṣe Àgàtú o. Ìgèdè ni mí. Òjú ni wọ́n bí mi sí." Èkejì ní Tiv lòun, láti Gboko. Ẹnì kẹta, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n, bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi nìkan ni Àgàtú níbí." Ọ̀rẹ́ mi ju ọwọ́ nù. Ó ní, "Ẹ dá wọn lóhùn kẹ̀! Ṣé kì í ṣe Benue kan náà ni gbogbo wọn ti wá ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń padà bọ̀, ìwé mìíràn ló ń sọ sí mi lọ́kàn, ìwé àwọn olóko ìrèké ní erékùṣù Kúbà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ra ẹrú nígbà náà, tí wọ́n sì rì í bọmi, orúkọ ẹni mímọ́ kan ni wọ́n máa ń fún un, wọn a sì fi orúkọ "orílẹ̀-èdè" rẹ̀ tẹ̀lé e bí orúkọ bàbá. Ẹnì kan a di José Lukumí. Òmíràn a di Francisco Congo. Òmíràn a di Carabalí, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó láti ìhà Calabar. Òmíràn a di Arará, láti Àládà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti òní. Ta wá ni àwọn Lukumí? Ọ̀yọ́ ni, Ẹ̀gbá ni, Ìjẹ̀ṣà ni, Ìjẹ̀bú ni, Èkìtì ni. Kódà wọ́n kọ Tápà mìíràn mọ́ wọn, wọ́n ní Lukumí Tápà. Àwọn tó ti bá ara wọn jagun nílé, tí ọ̀kan mú èkejì tà fún olówò ẹrú, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ orúkọ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn òkun, tí ìwé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Bràsíl, Nagô ni wọ́n pe irú àwọn ènìyàn kan náà. Àwọn ará Dàhòmì ló ń fi Anagó pè wá, àwọn Pọ́túgà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ní Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì ń já àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí, orúkọ mìíràn tún ni. Àwọn aládùúgbò gbọ́ bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe ń kí ara wọn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀jú, wọ́n sì sọ wọ́n ní Aku. Ìkíni tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ló di orúkọ odidi àwùjọ.

"Yorùbá" ńkọ́? Nígbà yẹn, Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn oníwàásù ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown ló nà án bo gbogbo ẹni tó ń sọ èdè wa, Samuel Àjàyí Crowther sì fi í sí àkọlé ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1843. Koelle, òyìnbó ọmọ Jámánì tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn nínú iṣẹ́ náà, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1854 pé kò tọ́ rárá láti fi orúkọ apá kan pe gbogbo wọn. Ẹ̀rí ọkàn mi gbè sẹ́yìn Koelle, ṣùgbọ́n Crowther ló borí. Lónìí, bí ẹ bá pe Ìkálẹ̀ tàbí Oǹdó ní Yorùbá, kò ní bá yín jà. Ẹ wò ó dáadáa, ẹni tí wọ́n kó kúrò nílé ló kọ́kọ́ gba orúkọ ńlá. Ẹni tó kù sílé kò mọ̀ pé òun nílò rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé àbúrò mi ọkùnrin kan ń gbé ní Bronx, ní New York. Obìnrin tó fẹ́ níbẹ̀, ọmọ Dominican Republic ni, orílẹ̀-èdè tí òun àti Hàítì jọ pín erékùṣù kan sí méjì. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, wọ́n fún wọn ní fọ́ọ̀mù, àbúrò mi sì pè mí lóru. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa dá sí i. Ìwé kékeré kan fẹ́ da ilé wa rú."

Ìbéèrè méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Àkọ́kọ́ ní: ṣé Hispanic tàbí Latino ni ọmọ yìí? Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fa ìlà sí i kíákíá. Èkejì ní: kí ni àwọ̀ ìran rẹ̀? Funfun, dúdú, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ará Éṣíà, ará erékùṣù Pàsífíìkì. Ibẹ̀ ni bírò dúró. Àbúrò mi ní, "Dúdú ni kẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Èmi kì í ṣe dúdú, Dominicana ni mí. Àwọn ará Hàítì ló dúdú." Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ yìí ló pa òun lẹ́rìn-ín, nítorí pé bí wọ́n bá tẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì sórí tábìlì, ti ìyàwó ló ṣú jù.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó bá gbọ́ irú èyí, ohun tí wọn yóò sọ ni pé ojú Áfíríkà ń ti obìnrin náà. Èmi ò yára bẹ́ẹ̀. Mo bi àbúrò mi pé ìgbà wo ni òun fúnra rẹ̀ di ẹni dúdú. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ní Òrè níbí tí a ti tọ́ ọ dàgbà, ta ni kò dúdú? Bí a bá ní ẹnì kan dúdú, a fẹ́ fi í dá yàtọ̀ sí àbúrò rẹ̀ tó pupa ni. A ní adúmáadán, a ní apọ́nbéporé, ìyẹn tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ṣe ẹgbẹ́, kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ tàbí pàdánù iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí wọ́n ń bi èèyàn ní gáréèjì Òrè ni pé ọmọ ibo ni ọ́: Ìkálẹ̀ ni àbí Oǹdó, Ìlàjẹ ni àbí Ìjọ, Íbò ni, Urhobo ni, Ìgbìrà ni? Àbúrò mi jáde nílé bí ọmọ Ìkálẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ló ti di ẹni dúdú, òṣìṣẹ́ tó ń wo ìwé ìrìnnà kò sì bèèrè Ìkálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú kan: ẹ̀yà. A máa ń lò ó fún Íbò àti Hausa, a tún ń lò ó fún funfun àti dúdú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a tún fi ń pe apá àti ẹsẹ̀, a ní ẹ̀yà ara. Láti inú yíyà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí ọ̀nà ṣe yà ní Òrè yìí, tí ọ̀kan gba Oǹdó lọ, tí ọ̀kan gba Òkìtìpupa, tí ọ̀kan forí lé Bìní, tí èkejì forí lé Èkó. Nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni a fún nǹkan méjèèjì, ó máa ń ṣòro fún wa láti rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀yà sílẹ̀ fún ohun tí a bí ènìyàn sí, tí a sì tọ́ ọ sí: èdè, oúnjẹ, orúkọ, ìtàn ìdílé. Ti èkejì, mo máa pè é ní àwọ̀. Ojú ẹlòmíràn ni àwọ̀ ń gbé. Ọlọ́pàá tó bá dá ìyàwó àbúrò mi dúró lóru ní Bronx kò ní kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń sọ èdè Spanish. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí obìnrin náà ń sè tó sì ń lọ̀ mọ́ bọ́tà láàárọ̀, tí wọ́n ń pè ní mangú, orin tó ń jó, àdúrà tó ń gbà, kò sí èyí tó ti inú àwọ̀ rẹ̀ jáde.

Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ń jà pẹ̀lú ìyàtọ̀ yìí fún ìgbà pípẹ́. Nínú ètò ìkànìyàn 1970, díẹ̀ nínú àwọn ará ìlú ni wọ́n bi bóyá wọ́n jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tó ń sọ Spanish. Ní 1980, gbogbo ènìyàn ni wọ́n bi. Òfin 1997 wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìbéèrè méjì ni yóò jẹ́: Latino jẹ́ ẹ̀yà, kì í ṣe àwọ̀, ẹni tó jẹ́ Latino sì lè jẹ́ àwọ̀ yòówù. Lórí tábìlì àwọn onímọ̀, ó mọ́gbọ́n dání. Ní ilé àwọn ènìyàn, kò yé wọn. Nínú ètò ìkànìyàn 2020, bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Latino ló fi gbogbo àwọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n lọ mú "àwọ̀ mìíràn". Ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew náà ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 6 ní Amẹ́ríkà ló ń pe ara wọn ní Afro-Latino, ìyẹn àwọn ọmọ ilẹ̀ Látìn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá. Nígbà tí wọ́n bi àwọn wọ̀nyí ní ìbéèrè àwọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin wọn péré ló mú "dúdú" nìkan. Àwọn tó mú "funfun" tilẹ̀ pọ̀ jù wọ́n lọ díẹ̀.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ mi. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ará Bràsíl kì í ṣe Hispanic, nítorí pé èdè Pọ́túgà ni wọ́n ń sọ. Bí ará Bràsíl bá ní Latino lòun, kọ̀ǹpútà ìjọba máa ń yí ìdáhùn rẹ̀ padà láìsọ fún un. Nínú ìwádìí ọdọọdún ti 2020, wọ́n ṣe àṣìṣe, àtúnṣe náà kò wáyé, ni ó bá hàn pé ó kéré tán 416,000 ará Bràsíl ló ń pe ara wọn ní Latino. Ọdún tó ṣáájú, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ni ìwé sọ. Àwọn ènìyàn náà kò yí padà. Ẹni tó ń fi bírò pupa pa ìdáhùn wọn rẹ́ ló gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìbéèrè méjèèjì di ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ mú méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn kan nínú Afro-Latino fi igbe ta. Wọ́n ní bí "Latino" bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ "dúdú" bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ yóò mú Latino, wọn yóò sì kọjá lọ. Iye àwọn dúdú yóò dín kù nínú ìwé, a kò sì ní rí ohun tí àwọ̀ ń fi ojú wọn rí níbi iṣẹ́, níbi ilé àti ní ilé ìwòsàn. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìbéèrè méjì ló ń da orí àwọn ènìyàn rú. Èmi rò pé àwọn tó fi igbe ta ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́ jù. Ẹni tí a kò kà kì í ní ìpín.

Bràsíl gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọ̀ ni wọ́n ń bèèrè níbẹ̀, márùn-ún sì ni: funfun, dúdú, pardo tó túmọ̀ sí aláwọ̀ ilẹ̀ àdàlù, "yẹ́lò" fún àwọn tó ti Éṣíà wá, àti ọmọ ìbílẹ̀. Ní 2022, pardo ló pọ̀ jù, 45.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Funfun jẹ́ 43.5, dúdú jẹ́ 10.2. Ṣùgbọ́n ní 1976, nígbà tí ìjọba ní kí oníkálùkù fi ẹnu ara rẹ̀ pe àwọ̀ rẹ̀, orúkọ tó ju 130 lọ ni wọ́n gbà. Ẹnì kan ní àwọ̀ kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí lòun. Ẹnì kan ní oòrùn etí òkun ló sun òun. Ẹnì kan tilẹ̀ ní àwọ̀ òun dà bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń sá lọ. Ó dájú pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó sì dájú pé ó ń sá fún nǹkan kan.

Ohun tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ sọ pé kò sí. Nígbà náà, ìjọba Bràsíl máa ń fọ́nnu pé ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ti pò pọ̀, kò sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣe é. Abdias do Nascimento ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1914, ó dá ẹgbẹ́ eré ìtàgé àwọn aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní 1944, ó sì kúrò nílùú ní 1968 lábẹ́ ìjọba ológun. Ní 1976 sí 1977, olùkọ́ àlejò ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Nígbà tí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1977, ó kọ ìwé kan fún àpérò àwọn onímọ̀, tó fi ń bèèrè bóyá òótọ́ ni ìdọ́gba tí Bràsíl ń fi yangàn àbí àlọ́. Ìjọba Bràsíl kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọn kò sì gba ìwé náà wọlé. Abdias kò padà sílé. Ó jókòó síbẹ̀ bí òǹwòran, ó ń pín ìwé rẹ̀ kiri. Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún náà. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé mìíràn nípa bí wọ́n ṣe há a mọ́ ní Èkó. Ẹni tó bá ń gba Òrè lọ sí Ifẹ̀, kí ó rántí rẹ̀.

Bràsíl ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà. Òfin 2012 ya àyè sọ́tọ̀ ní yunifásítì ìjọba fún àwọn tó jáde ní ilé-ìwé ìjọba, pẹ̀lú ìpín fún dúdú, pardo àti ọmọ ìbílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé pardo làwọn. Ni àwọn yunifásítì bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó ń wo ojú ọmọ. Wọn kì í bèèrè ìyá àgbà rẹ, wọn kì í bèèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọn a wo imú, irun àti àwọ̀ ara, nítorí pé ohun tí aládùúgbò rí ni ó fi ń hùwà sí ọ. Mo mọ̀ pé ó burú létí. Síbẹ̀, n kò tíì gbọ́ àlàyé tó ṣe kedere jù ú lọ lórí ohun tí àwọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi, nítorí pé gbólóhùn tó sọ nípa ará Hàítì yẹn, ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Lórí káàdì ìdánimọ̀ Dominican, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó bá dúdú níwọ̀nba ni indio, bí ẹni pé ọmọ ìbílẹ̀ Taíno ni. Àwọn Taíno fúnra wọn, díẹ̀ ló ṣẹ́kù nínú wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí Columbus gúnlẹ̀. "Dúdú" di orúkọ aládùúgbò, orúkọ ará Hàítì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1937, Trujillo tó ń jọba níbẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n pa àwọn ará Hàítì tó ń gbé lẹ́bàá ààlà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló sì kú. Àwọn ọmọ ogun kò lè fi àwọ̀ mọ Hàítì yàtọ̀ sí Dominican. Àwọn tó sọ ìtàn náà ní ewébẹ̀ kan ni wọ́n máa ń gbé sókè, wọn a ní kí o pe orúkọ rẹ̀ lédè Spanish: perejil. Ẹni tí kò bá lè pe ohùn àárín rẹ̀ ti ṣubú sọ́wọ́ ikú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì mọ irú rẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí kejìlá, níbi tí Ṣíbólẹ́tì ti pa ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì ènìyàn létí Jọ́dánì. Ní 2013 pàápàá, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Dominican Republic gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́ àwọn tí òbí wọn ti Hàítì wá, ó sì fà á sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bí láti 1929. Ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí o bá ní kí ó sọ pé dúdú lòun, nǹkan mìíràn ló ń gbọ́. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó má ṣe rẹ́rìn-ín mọ́.

Àwa tí a wà ní Òrè yìí náà kò jìnnà sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra la Bìní kọjá, wọ́n dé Òrè, ibẹ̀ ni ogun náà sì pin sí lápá ìwọ̀ oòrùn. Ta ló kó wọn wá? Victor Banjo, ọmọ Yorùbá. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu. Ẹni tó bá rò pé bí òun bá ti mọ ẹ̀yà ènìyàn, òun ti mọ ẹ̀yìn ẹni tó wà, kí ó wá ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ó ku àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bràsíl padà wá sílé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní 1835, nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn ẹrú àti òmìnira Mùsùlùmí dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bàhíà. Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ọmọ Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ "ìmàle" nínú rẹ̀. Ìjọba tẹ ìdìtẹ̀ náà rì, wọ́n lé àwọn kan kúrò, ẹ̀rù mú àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ fúnra wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń padà wá sí Èkó, Bàdágírì, Agoué àti Wídà. Ní Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, àwọn da Silva, Pereira, Cardoso, Martins. João Èṣan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lọ ní kékeré, wà lára àwọn tó padà dé.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ní Bàhíà, ará Áfíríkà ni wọ́n, wọn kò lè bọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Èkó, wọ́n bá di ará Bràsíl. Wọ́n ń sọ èdè Pọ́túgà, wọ́n ń se fréjọ̀n ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n kọ́ ilé alájà tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá. Àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹnikẹ́ni ní Èkó. Ẹ̀yà wọn ló yà. Ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n mú dání sì gba orúkọ wọn, débi pé ọmọ Odìgbó tí kò rí Bràsíl rí láyé rẹ̀, bí ó bá ń lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Ìsinmi, Àgùdà ni wọ́n máa ń pè é. Bí mo bá sì pe gbágùúdá tí a fi ń ṣe gàrí, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Bràsíl ló ti wá bíi ti kòkó tó ti ìhà Amasónì wá, etí mi a máa gbọ́ Àgùdà nínú òun náà. N kò ní búra lé e.

Ọ̀kan nínú ọmọ Àgùdà wọ̀nyí ni Plácido Assumpção. Ní 1913, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ fi orúkọ Pọ́túgà sílẹ̀, ó di Adéyẹmọ Alákijà. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ nílé ní 1948, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Àgùdà ló jókòó sórí àga ẹgbẹ́ tó fẹ́ sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ Odùduwà fún gbogbo wa. Bí ẹ̀yà bá jẹ́ ohun tí ń lẹ̀ mọ́ ara bí àwọ̀, ìyẹn kì bá tí ṣeé ṣe.

Mo ti sọ pé ẹni tí a kò kà kì í ní ìpín. Kòlómbíà ló kọ́ mi. Òfin 70 ti ọdún 1993 níbẹ̀ ka àwọn dúdú tó ń gbé lẹ́bàá odò ìhà Pàsífíìkì sí ẹ̀yà kan, ó sì fún wọn ní àṣẹ lórí ilẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí àwùjọ. Wọn kò fún wọn nílẹ̀ nítorí àwọ̀. Nítorí pé wọ́n ní àṣà àti ibùgbé ni. Àwọn ọmọ wọn tó ti lọ sí ìlú ńlá, tí àwọ̀ kan náà ń fìyà jẹ, kò rí ilẹ̀ gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí ètò ìkànìyàn 2018 dé, iye àwọn dúdú inú ìwé já láti mílíọ̀nù 4.3 ti ọdún 2005 sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3. Àwọn ènìyàn náà kò kú. Ìbéèrè kò dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa ni, àjọ ìkànìyàn fúnra rẹ̀ sì padà fi ìwádìí mìíràn sọ pé wọ́n ju mílíọ̀nù 4.6 lọ. Mẹ́síkò ní tirẹ̀, ọdún 2020 ni wọ́n tó bi gbogbo ará ìlú nínú ètò ìkànìyàn bóyá ìran Áfíríkà ni wọ́n. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 2.5 dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ní Nàìjíríà, ìjọba yọ ẹ̀yà àti ẹ̀sìn kúrò nínú ìbéèrè 2006 kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìwé ìkànìyàn tó lè sọ iye Ìgèdè tó wà nínú oko kòkó Odìgbó.

Ẹ máa fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ṣe parí. Wọ́n mú Latino, wọ́n mú dúdú. Ìyàwó ní nítorí ilé-ìwé nìkan ni òun ṣe gbà. Àbúrò mi fi àwòrán ọmọ náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì gbé fóònù fún ìyá wa. Ìyá wo ó pẹ́, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un jìnnà. Ó ní, "Ètè bàbá yín ló gbé wá yìí." Lẹ́yìn náà ó bi mí bóyá wọ́n ń fún un ní ẹ̀bà jẹ níbẹ̀.

Ní òpin ìkórè, mo tún bá ọ̀rẹ́ mi dé oko ní ọjọ́ tó fẹ́ sanwó. Ó tú rọ́bà lára ìwé rẹ̀, ó lá ìka, ó ṣí i. Ó ké pè, "Àgàtú kìíní!" Ọkùnrin Ìgèdè náà dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó gba owó náà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.